Tom and Jerry Nínú Fídíò: Ohun tí Ojú Ọmọdé Rí àti Ohun tí Ojú Àgbà Ń Rí

Kàtúùnù ni eré tí àwọn ayàwòrán fi ọwọ́ yà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì to àwọn àwòrán náà tẹ̀lé ara wọn títí tí ẹranko tàbí ènìyàn inú rẹ̀ fi ń rìn, tí ó ń sá, tí ó sì ń ṣubú bí ẹni pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà sí àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1970 sí 2000 wo oríṣiríṣi rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára káká ni a ó fi rí èyí tí ó jókòó sí wọn lọ́kàn tó Tom and Jerry, eré ológbò àti èkúté tí ilé-iṣẹ́ sinimá Metro-Goldwyn-Mayer, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí MGM, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1940. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti di òbí báyìí, àwọn mìíràn ti ní ọmọ-ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń padà síbi eré náà, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì fídíò, síídì àti àwọn dísìkì tí ó dé lẹ́yìn wọn ti sọ ohun tí wọ́n ṣe fún ilé sinimá di ohun tí ènìyàn lè fi pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Irú àtúnwò bẹ́ẹ̀ kọjá ìdárayá lásán. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí iṣẹ́ ọnà tí ojú ọmọdé kò tó o rí, yóò sì rí ọgbẹ́ kan tí àwọn tí ó ni eré náà ti fi aṣọ bò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì, ohun tí ó kù kì í ṣe eré tí wọ́n ṣe mọ́.

William Hanna àti Joseph Barbera ni ó dá eré náà sílẹ̀. Ọdún 1910 ni wọ́n bí Hanna ní New Mexico, wọ́n sì bí Barbera ní ìlú New York ní ọdún 1911. Ẹ̀ka tí MGM yà sọ́tọ̀ fún kàtúùnù ní California ni ọ̀nà wọn ti pàdé ní apá ìparí àwọn ọdún 1930. Ẹ̀bùn wọn yàtọ̀ síra. Barbera ni ọwọ́ rẹ̀ yá láti ya àwòrán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀fẹ̀ ti ń wá. Hanna ni ó mọ àkókò wọ̀n, ìyẹn ni pé ó mọ iye àwòrán tí ó gbọ́dọ̀ kọjá lójú òǹwòran kí páànù tó ba ológbò lórí, àti iye tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e kí ẹ̀rín tó bú jáde. Àwòrán 24 ni fíìmù ń fi han ojú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí wọ́n bá ṣi àwòrán díẹ̀ péré kà, ẹ̀fẹ̀ náà lè kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Fíìmù àkọ́kọ́ wọn, Puss Gets the Boot, jáde ní oṣù Kejì ọdún 1940, ṣùgbọ́n kò tíì sí Tom tàbí Jerry nínú rẹ̀: Jasper ni wọ́n ń pe ológbò náà, wọn kò sì pe èkúté ní orúkọ kankan. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ kà á sí nǹkan bàbàrà, àfi ìgbà tí àwọn òǹwòran gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọ́n sì fi í kún àwọn tí ó ń du ẹ̀bùn Oscar, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún fíìmù tí ó bá ta yọ lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà. Láti orí fíìmù yìí títí di èyí tí ó jáde kẹ́yìn ní ọdún 1958, Hanna àti Barbera darí fíìmù 114, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 sí 8 lọ, 7 nínú wọn sì gba Oscar, bẹ̀rẹ̀ láti orí The Yankee Doodle Mouse ti ọdún 1943. Fred Quimby, ọ̀gá tí ó ń bójú tó ẹ̀ka náà, ni ó máa ń bọ́ síwájú lọ gba ère náà, tí àwọn méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yóò sì wà níbi tí wọ́n wà. Ìwà náà kò dára, ó sì tọ́ kí ẹni tí ó bá ń ròyìn eré yìí sọ ọ́. Ó tún tọ́ kí a rántí pé wọn kò ṣe eré náà fún ọmọdé nìkan. Ilé sinimá ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń wò ó kí fíìmù ńlá alẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ àgbà pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí àwọn ọmọ ṣe fura sí lọ.

Tẹlifíṣọ̀n ni ó kọ́kọ́ sọ kàtúùnù di ohun inú pálọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní àwọn ọdún 1980, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ NTA máa ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀, ọmọ tí ó bá sì ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tí kàtúùnù kọjá, ó di ọjọ́ mìíràn fún un. Fídíò ni ó já okùn náà. Sony ti Japan gbé ẹ̀rọ fídíò Betamax jáde ní ọdún 1975, JVC, tí òun náà jẹ́ ti Japan, sì gbé VHS jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí owó epo ṣì ń ṣàn ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ méjèèjì bá àwọn oníṣòwò àti àwọn tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ wọlé, VHS ni ó sì borí nígbẹ̀yìn.

Ohun kan wà tí kì í sábà hàn nínú ìtàn fídíò, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó pinnu irú Tom and Jerry tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wò. Ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń to ìlà àti àwọ̀ sínú àwòrán kò dọ́gba káàkiri ayé: Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní PAL nígbà náà, Amẹ́ríkà sì ń lo NTSC. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n bá fi ránṣẹ́ láti London a máa ṣiṣẹ́ geere, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti New York wá lè má ní àwọ̀ rárá, tàbí kí àwòrán rẹ̀ máa yí lójú tẹlifíṣọ̀n láìdúró, àyàfi bí ẹ̀rọ ilé náà bá gba ìlànà méjèèjì. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé eré Amẹ́ríkà sábà ń gba London kọjá kí ó tó dé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó. BBC ti ń fi Tom and Jerry hàn láti ọdún 1967, kì í sì í polówó ọjà. Nítorí náà, ìbátan tí ó bá ń gbà á sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní London kàn ń to fíìmù kan tẹ̀lé òmíràn ni, títí tí téèpù E-180, tí ó ń gba wákàtí mẹ́ta, yóò fi kún, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn tàbí ìdajì ètò ojú ọjọ́ kì í ṣàì há sáàárín wọn. Àwọn ọmọ mọ gbogbo rẹ̀ sórí, àti kàtúùnù àti òjò tí wọ́n ní yóò rọ̀ ní London.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ní ìwà tirẹ̀. Ní etí rẹ̀ ni ike kékeré kan wà tí ènìyàn lè fi ọ̀bẹ ṣẹ́ dànù kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sẹ́lótéèpù lẹ ihò ibẹ̀ pa, ẹ̀rọ a tún gbà á, ọ̀nà yìí sì ni ọ̀pọ̀ kàtúùnù gbà ṣègbé ní ọjọ́ tí àgbà ilé fẹ́ gba bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tí kò sì rí téèpù tuntun. Bí iná bá lọ láàárín eré, kásẹ́ẹ̀tì a há sínú ẹ̀rọ títí iná yóò fi dé, àwọn ọmọ a sì máa fi ẹnu àti ọwọ́ ara wọn parí eré náà. Bí ẹ̀gbin bá bo irin kékeré tí ń ka téèpù, ìlà funfun a máa sáré kọjá lójú àwòrán. Bí téèpù bá sì kákò, ẹ̀rọ a jẹ ẹ́, àgbà kan a sì jókòó tì í, yóò máa fi ìka kan fà á jáde díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà já. Ní fídíò kílọ́ọ̀bù, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí ń fi kásẹ́ẹ̀tì háyà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ láti ara ẹ̀dà ni wọ́n sábà ń gbé fún oníbàárà, nítorí náà àwọ̀ pupa a máa ṣàn kọjá ìlà rẹ̀, ohùn a sì máa ró bí ẹni pé inú àgbá ni ó ti ń jáde. Bí ìran kan ṣe wo iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ayàwòrán nìyẹn, tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní tí eré yìí ní ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ilé Yorùbá ni pé ológbò àti èkúté náà kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan lè jókòó wò ó pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì béèrè ohun tí wọ́n wí. Igbe tí Tom máa ń ké nígbà tí nǹkan bá bà á, ohùn Hanna fúnra rẹ̀ ni. Ó ké e sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń lò ó láti fíìmù kan dé òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ó wà ní ilé ìdáná fi ń mọ̀ nípa igbe yẹn nìkan pé wọ́n ti tan fídíò lẹ́yìn òun. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá kò sì rí Jerry bí àjèjì, nítorí pé wọ́n ti mọ ẹ̀dá kékeré tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, Jerry kì í ṣe Ìjàpá, ìyàtọ̀ náà sì jinlẹ̀. Nínú àlọ́, ojúkòkòrò ni ó sábà ń ti Ìjàpá sínú ìyọnu, ìtìjú ni ó sì sábà ń kẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà tí ń pa àlọ́ fẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí ọgbọ́n àgbọ́njù ń gbé ènìyàn lọ. Jerry sábà ń borí ní tirẹ̀, ó sì lè na ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, kí ó sì lọ sùn ní àlàáfíà.

Èyí ni ó fà á tí ìfẹ́ òǹwòran fi máa ń yí padà bí ọjọ́ orí bá ti gòkè. Ọmọdé a gbè sẹ́yìn Jerry, nítorí pé ó kéré bíi tirẹ̀. Àgbà tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí a bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú Tom, ẹni tí ó ní iṣẹ́ tí wọ́n lè lé e kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbàkigbà. Gbogbo ìtàn Puss Gets the Boot dá lórí ìkìlọ̀ tí wọ́n fún ológbò náà pé bí ó bá tún fọ́ nǹkan kan péré, ìta ni ilé rẹ̀, èkúté sì gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo àti ife lọ sí ibi tí wọn yóò ti já bọ́. Nínú Heavenly Puss ti ọdún 1949, pìánò wó lu Tom, ó kú, ẹ̀mí rẹ̀ sì dé ibùdókọ̀ ojú irin kan tí ó lọ sí ọ̀run, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé àfi kí Jerry fọwọ́ sí ìwé ìdáríjì rẹ̀. Àwọn ológbò mìíràn tò síwájú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ó pa á; ní ìgbẹ̀yìn, àpò kan tí omi ń jò lára rẹ̀ ń bọ̀, àwọn ọmọ ológbò mẹ́ta sì jáde nínú rẹ̀. Ọmọdé rí ọmọ ológbò, ó sì rẹ́rìn-ín. Àgbà ni ó mọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá lójú òun ní ìgbà tí kò lóǹkà láìfura. Ìparí The Two Mouseketeers, tí ó gba Oscar, kò sì yàtọ̀: wọ́n bẹ́ Tom lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀bẹ ni kàmẹ́rà fi hàn, tí kò fi ọrùn hàn.

Ṣùgbọ́n ibi tí dísìkì ti san gbèsè kásẹ́ẹ̀tì jù lọ ni orin. Scott Bradley ni ó kọ orin tí ó wà lábẹ́ eré Hanna àti Barbera, àwọn òṣìṣẹ́ olórin MGM fúnra wọn ni ó sì ń lù ú, pẹ̀lú fèrè, gòjé àti ìlù tó pé pérépéré. Kì í ṣe orin tí wọ́n kàn fi sí ẹ̀yìn. Gbogbo ìṣísẹ̀ èkúté ní ohùn tirẹ̀, ìró tí ó bá sì bá Tom sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Puttin' on the Dog ti ọdún 1944, Bradley lo ìlànà ohùn méjìlá, ìyẹn ọ̀nà tí Arnold Schoenberg, ọmọ Austria, là sílẹ̀, tí olórin fi ń lo gbogbo ohùn 12 tí ó wà láàárín ohùn kan àti èyí tí ó bá a dọ́gba lókè, láìfi ọ̀kan ṣe olórí àwọn yòókù. Àwọn ọ̀mọ̀wé olórin ń jiyàn lórí irú orin bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti gbọ́ ọ nínú pálọ̀, wọ́n sì gbà á, nítorí pé èkúté ni ó ń sá nínú rẹ̀.

The Cat Concerto, tí ó gba Oscar fún ọdún 1946, ni òkè téńté gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sì sí àsọdùn níbẹ̀. Tom wọ kóòtù onírù, ó jókòó sí ìdí pìánò ńlá, ó ṣe bí ọ̀gá olórin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu Hungarian Rhapsody kejì ti Franz Liszt, olórin ọmọ Hungary; Jerry ń sùn nínú pìánò náà, orin sì jí i. Láti ibẹ̀ lọ, ìjà ni, ṣùgbọ́n ìjà tí kò gbọ́dọ̀ dá orin dúró: ológbò kò lè dìde nítorí àwùjọ ń wò ó, èkúté kò sì fẹ́ kúrò. Ẹni tí ó bá mọ pìánò tẹ̀ tí ó sì wo ọwọ́ Tom dáadáa yóò rí i pé ìka rẹ̀ ń bá ohùn tí etí ń gbọ́ lọ, nítorí pé àwọn ayàwòrán náà ṣe wàhálà láti tẹ̀ lé bí ọwọ́ atẹpìánò ṣe ń rìn ní tòótọ́. Lórí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dà kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ìka wọ̀nyẹn kò ju òjìji funfun lọ. Lórí dísìkì tí wọ́n fọ fíìmù rẹ̀ mọ́, a lè ka wọ́n. Nígbà tí orin parí, ó ti rẹ Tom débi pé kò lè dìde, Jerry ni ó sì tẹrí ba fún àwọn tí ó ń pàtẹ́wọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́ kò ya iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 1957 ni MGM ti ẹ̀ka kàtúùnù rẹ̀ pa, nítorí pé wọ́n rí i pé bí àwọn bá tún gbé fíìmù àtijọ́ jáde, owó tí yóò wọlé kò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tuntun. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Gene Deitch, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Prague ní ilẹ̀ Czechoslovakia, ó sì ṣe fíìmù 13 láàárín ọdún 1961 sí 1962 pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chuck Jones ṣe 34 láàárín ọdún 1963 sí 1967, ó sì fún Tom ní ojú òǹrorò tí irun rẹ̀ nípọn. Ọmọdé kò mọ Prague, kò sì mọ Jones, ṣùgbọ́n bí èyí tí Deitch ṣe bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ìró rẹ̀ ṣófo tí ó sì ń dún bí ti inú ihò, ara a kọ̀ ọ́, wọn a ní eléyìí kì í ṣe ojúlówó. Ojú wọn ríran. Ohun tí wọn kò lè mọ̀ ni pé láti ọdún 1954 ni Hanna àti Barbera ti ń ya díẹ̀ nínú eré náà fún CinemaScope, ìyẹn àwòrán tí ó fẹ̀ gan-an, tí ojú ilé sinimá gbà ṣùgbọ́n tí tẹlifíṣọ̀n onígun mẹ́rin kò gbà. Bí wọ́n bá sì ń gbé e sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọn a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, òǹwòran a sì máa rí Tom tí ó ń sá láìrí ohun tí ó ń lé e.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni ti obìnrin ilé náà. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí ó jáde láàárín ọdún 1940 sí 1952, obìnrin adúláwọ̀ kan wà nínú ilé tí Tom ń gbé, tí kàmẹ́rà kì í fi ojú rẹ̀ hàn: ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tí ó ti sún wálẹ̀, ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ tí ó gbọnmọ́ ni a mọ̀. Mammy Two Shoes ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà kò mọ́, nítorí pé láti ayé oko ẹrú ni àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ìránṣẹ́bìnrin adúláwọ̀ kan tí ó sanra, tí ó ń pariwo, tí kò sì ní ayé mìíràn ju ilé ìdáná ọ̀gá rẹ̀ lọ, orí àwòrán yẹn ni wọ́n sì gbé obìnrin yìí kà. Ẹgbẹ́ NAACP, tí ó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1909, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Lillian Randolph ni ẹni tí ó fún un ní ohùn, òṣèrébìnrin adúláwọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa lórí rédíò, tí ó sì kópa nínú fíìmù It's a Wonderful Life ti ọdún 1946, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sí Tom and Jerry rárá.

Ọmọ Yorùbá tí ó rí obìnrin náà nínú fídíò kò mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí ó rí ni ìyá: ẹsẹ̀ tí ń bọ̀ láti yàrá kejì, ìgbálẹ̀, àti ìbínú ẹni tí ó fẹ́ kí ilé òun mọ́. Ó kà á sí onílé, kò sì ṣàṣìṣe pátápátá, nítorí pé nínú fíìmù bíi Saturday Evening Puss ti ọdún 1950, obìnrin náà ní yàrá tirẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ tirẹ̀, ó múra, ó sì lọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, kò sí ọ̀gá kankan tí ó dá a dúró. Nínú fíìmù yìí náà sì ni ojú rẹ̀ ti hàn fírí nígbà tí ó ń sáré bọ̀ wálé. Ìwòye ọmọdé yẹn níye lórí. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó ti gbé London tàbí Houston, tí ó ti mọ bí ó ṣe máa ń rí bí wọ́n bá wo ènìyàn láìrí ojú rẹ̀, kò lè tún wò ó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ibi tí ohun ìbúgbàù bú lójú Tom, tí wọ́n sì fi ojú rẹ̀ dúdú àti irun rẹ̀ tí ó pín sí ìdì-ìdì ṣe yẹ̀yẹ́ ọmọ adúláwọ̀. Ẹ̀gàn gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ pè é ní eré.

Ohun tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe rẹ̀ kò sì sàn. Ní àwọn ọdún 1960, kí eré náà lè wọ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ Chuck Jones tún àwọn kan yà: nínú Saturday Evening Puss, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ funfun kan ni ó gba ipò obìnrin ilé náà, nínú àwọn mìíràn, wọ́n fi ohùn June Foray, aláwọ̀ funfun tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Ireland, rọ́pò ti Randolph. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ted Turner ti ni eré náà, wọ́n tún fi ohùn Thea Vidale, òṣèrébìnrin adúláwọ̀ mìíràn, bò ó. Ìyẹn ni pé ilé méjì ní àdúgbò kan náà lè ní kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan náà, kí obìnrin inú rẹ̀ má sì jẹ́ ẹnìkan náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ojú obìnrin náà pamọ́, wọ́n fi orúkọ Randolph pamọ́, nígbà tí ó sì ku ohùn nìkan, wọ́n gba ìyẹn náà. Bí ìtìjú bá mú ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yìí, kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ náà gàn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Nígbà tí dísìkì dé, ọ̀nà tí ó dára jù lọ hàn, wọn kò sì tẹ̀ lé e dópin. Ní ọdún 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Spotlight Collection jáde lórí DVD, nínú àkójọ náà sì ni Whoopi Goldberg, òṣèrébìnrin adúláwọ̀, ti bọ́ síta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí ó ṣàlàyé pé ohun tí àwọn òǹwòran fẹ́ rí wá láti ìgbà tí ẹ̀tanú gbilẹ̀, pé kò dára nígbà náà, kò sì dára nísinsìnyí, ṣùgbọ́n pé bí a bá pa á rẹ́, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyẹn ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, nígbà tí apá kẹta jáde ní ọdún 2007, fíìmù méjì, Mouse Cleaning àti Casanova Cat, kò sí nínú rẹ̀ nítorí ẹ̀fẹ̀ ojú dúdú tí ó wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ gbé apá kejì àkójọ mìíràn, Golden Collection, jáde lórí Blu-ray ní ọdún 2013, tí wọ́n tún yọ àwọn méjèèjì kúrò, inú bí àwọn olólùfẹ́ eré náà, ilé-iṣẹ́ náà sì dá ìgbéjáde náà dúró. Àwọn tí ó bínú náà ni ó jàre. Ọmọ kékeré ni a lè pa nǹkan mọ́ fún títí yóò fi dàgbà. Àkójọ tí wọ́n ṣe fún àgbà gbọ́dọ̀ pé, kí àlàyé sì ṣíwájú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ padà síbi eré yìí, kí ó yan èyí tí Hanna àti Barbera ṣe, tí ó jáde láàárín ọdún 1940 sí 1958, kí ó wá ẹ̀dà tí wọn kò gé, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí The Cat Concerto, kí ó sì tún ohùn tẹlifíṣọ̀n gbé sókè. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n bá sì bi í léèrè ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ àti ìgbálẹ̀ yẹn, kí ó jọ̀ọ́ dá eré dúró díẹ̀, kí ó sọ orúkọ Lillian Randolph fún wọn, kí ó sì sọ ìdí tí wọn kò fi fi ojú obìnrin náà hàn.